Ohun Tí Ẹ̀jẹ̀ Ìyá Ẹlẹ́gúsí Sọ

Ẹ súnmọ́ iná, ẹ̀yin ọmọ. Ọyẹ́ Minna kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ Ìbàdàn. Orí àwọn òkè wọ̀nyí ló ti ń sọ̀ kalẹ̀ lóru, á wá dógò tì wá bí ẹni tí a jẹ lówó. Igi tó ń jó yìí, obìnrin Gbagyi kan ló gbé e wá láti ọ̀nà Maikunkele láàárọ̀ òní. Èjìká ló gbé e lé, kì í ṣe orí. Àwọn Gbagyi ní orí lọba ara, a kì í di ẹrù lé ọba. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí ọ̀rọ̀ alẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ èjìká ni, ọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́ ni, ọ̀rọ̀ ọrùn ọwọ́ àti ọmọ ìka ni.

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Kí ló ń rì nínú ọ̀pá tí kì í ṣe odò, tó jẹ́ pé bí ó bá ṣe ń yára rì tó, bẹ́ẹ̀ ni ilé olówó rẹ̀ ṣe ń jó tó?

Ẹ̀ ń wo ojú ara yín. Àbúrò yín ní òkúta ni. Òkúta kọ́. Ẹ̀jẹ̀ ni, irú èyí tó wà lára yín níbi tí ẹ jókòó sí yẹn. Ọdún 35 ni mo fi ń tò ó sínú ọ̀pá dígí ní láàbù, láti 1976, ọdún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Niger sílẹ̀, títí di 2011 tí ìjọba ní kí n lọ sinmi. Mo ti gbọ́ ìtàn iwin, mo ti gbọ́ ìtàn àǹjọ̀nú. Kò sí èyí tó yà mí lẹ́nu tó ohun tí mo fi ojú ara mi rí nínú ọ̀pá yẹn.

Ṣé ẹ mọ̀ pé oríkèé ni Minna fúnra rẹ̀? Bàbá mi tó mú wa ti Ọ̀ffà wá, òṣìṣẹ́ rélùwéè ni. Òun ló máa ń sọ pé ojú irin tó ti Èkó bọ̀ àti èyí tó ti Baro lọ sí Kano, ìlú yìí ni wọ́n ti so kọ́ra ní nǹkan bí 1911 sí 1912. Ibi tí irin méjì bá ti pàdé, ibẹ̀ lagbára wà, ibẹ̀ náà ni ìyọnu wà. Bí oríkèé bá dípẹtà, ọkọ̀ kò ní kọjá, bó ti wù kí irin yòókù dán tó. Bẹ́ẹ̀ lara ènìyàn rí.

Ìyá yín àgbà tó jókòó sí kọ̀rọ̀ yẹn, tó ń ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́, òun gan-an lọ̀rọ̀ náà bá. Ọyẹ́ ọdún 2008 ni. Ẹ̀gúsí ló ń tà ní Kasuwan Gwari nígbà náà, èyí tí wọ́n ń kó wá láti Paiko àti Lapai. Ẹ̀yin mọ bíbó ẹ̀gúsí: kì í ṣe iṣẹ́ ipá. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ni, a ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, èèpo á là. Ìyá yín lè bó agbọ̀n kan kí ẹlòmíràn tó bó àwo kan. Ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò lè di ọwọ́ rẹ̀ ní ẹ̀ṣẹ́. Ó ní òtútù ni. Ó ki ọwọ́ bọ omi gbígbóná. Oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtàrí kí ìka náà tó rọ̀. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Lọ́sẹ̀ kejì, oríkèé ìdí ìka àti ti àárín ìka wú, bí tọ̀tún ti wú ni tòsì wú, bí ìbejì tó ń wọ aṣọ kan náà. Èyí tó súnmọ́ èékánná kò ṣe nǹkan kan.

Kí ni wọn ò sọ tán? Wọ́n ní aládùúgbò ìsọ̀ ló ta á lọ́fà. Wọ́n ní ó tẹ ohun tí wọ́n dà sílẹ̀ lójú ọ̀nà ọjà. Ẹnìkan ní làkúrègbé àgbà ni, kí ó máa fi òrí pa á. Òrí rọ awọ, kò dé ibi tí ogun wà. Ọsibítù àkọ́kọ́ tí a lọ, n kò ní dárúkọ rẹ̀, ibà àti táífọ́ọ̀dù ni wọ́n tọ́jú fún oṣù mẹ́ta gbáko. Nígbà tó yá, ọmọ kẹ́míìsì kan di oògùn mẹ́ta sínú ọ̀rá kékeré fún un, kò sọ orúkọ èyíkéyìí. Lọ́jọ́ kejì, ìyá yín dìde, ó jó. Kò pẹ́, ojú rẹ̀ ṣe róbótó bí òṣùpá. Àwọn obìnrin ọjà ń kí mi pé mò ń tọ́jú ìyàwó mi dáadáa. Dexamethasone ló wà nínú ọ̀rá náà. Oògùn tòótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ bí a ṣe ń lò ó, tí ó ń gbé e mì lójoojúmọ́, yóò fi egungun, ìfúnpá àti ṣúgà san owó ijó yẹn.

Èmi tí mò ń ka ẹ̀jẹ̀ ará ìlú láràárọ̀, kò sọ sí mi lọ́kàn láti ka ti ìyàwó mi. Ẹ ò rí nǹkan! Gbogbo aláǹgbá ló da ikùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Alẹ́ ọjọ́ kan tí mo rí i tó ń fi eyín já okùn àpò ẹ̀gúsí nítorí pé ìka kọ̀ fún un, ọkàn mi bàjẹ́. Ní àárọ̀, mo mú un lọ sí láàbù.

Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe é. A ó po ìdá mẹ́rin ẹ̀jẹ̀ mọ́ ìdá kan oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. A ó fà á sínú ọ̀pá dígí tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ìlà sàmì sí láti òdo dé 200 mìlímítà. A ó gbé e nàró ṣánṣán. Bí ó bá dẹ̀gbẹ́ pẹ́nrẹ́n, irọ́ ni yóò pa. A ó kúrò nídìí rẹ̀ fún wákàtí kan. Sẹ́ẹ̀lì pupa á máa rì lọ sísàlẹ̀, omi rẹ́súrẹ́sú á kù lókè. Bí ó bá ti rì tó ní wákàtí kan náà ni a ń pè ní ESR. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí kò yẹ kó kọjá, ẹ pín ọjọ́ orí ọkùnrin sí méjì. Ti obìnrin, ẹ fi 10 kún un kí ẹ tó pín in. Ìyá yín jẹ́ ẹni ọdún 48 nígbà náà. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ó jẹ́ 29, àbí?

Mo padà dé ìdí ọ̀pá. 92.

Mo tún un ṣe. 92.

Kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara ń jó fi ń yára rì? Ẹ mú ewé gbígbẹ kan, ẹ sọ ọ́ sókè: á máa rà bàbà kó tó balẹ̀. Ẹ wá di ogún ewé pọ̀, ẹ sọ ọ́: gbì! Sẹ́ẹ̀lì pupa kì í fẹ́ kí ara wọn kan ara wọn. Ṣùgbọ́n bí iná bá wà lára, ẹ̀dọ̀ á máa da ohun kan sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú wọn lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á to lérí ara wọn bí ìgbà tí a to kọ́bọ̀ jọ. Ìdì náà wúwo, ó sì rì. Biernacki, dókítà ará Poland, ló kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní 1897. Ní 1918, Fåhraeus ní Sweden ń wá àmì tí yóò fi mọ obìnrin tó lóyún, ó rí i pé ẹ̀jẹ̀ aboyún ń yára rì. Westergren, ará ilẹ̀ kan náà, ló tò ọ́ sí ọ̀nà tí àwa náà ń gbà ṣe é, ní 1921. Ẹni tó ń wá oyún ló bá wa rí iná.

Àbúrò yín ń béèrè pé ṣé ESR ló wá sọ pé làkúrègbé ni. Ìbéèrè àgbà nìyẹn. Rárá o. Ọ̀pá yẹn á sọ fún ọ pé ilé ń jó. Kò ní sọ ẹni tó ti iná bọ̀ ọ́. Oyún á gbé e sókè, ikọ́ ẹ̀gbẹ á gbé e sókè, àìtó ẹ̀jẹ̀ á gbé e sókè. Ó tún ku ọ̀kan: nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ fòníkú-fọ̀ladìde, sẹ́ẹ̀lì ti tẹ̀ bí dòjé, kò ṣeé tò bíi kọ́bọ̀, nítorí náà iná lè máa jó kí ọ̀pá náà sì máa sọ pé kò sí nǹkan. Ní ilẹ̀ tiwa yìí, ẹni tó bá fọkàn tán ESR nìkan yóò ṣìnà.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń pe ẹlẹ́rìí kejì, CRP. Ní New York ní 1930, Tillett àti Francis ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn tí òtútù àyà ń bá jà wò, wọ́n rí pùrótéènì kan tí kì í pọ̀ lára ẹni tó dá ṣáṣá. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n fi ilé wa yìí ṣàpèjúwe. CRP dà bí ọmọdé: a nà án, ó ké lójú ẹsẹ̀, a fún un ní àkàrà, ó dákẹ́. Bí iná bá kú, ìdajì rẹ̀ á ti lọ kí ọjọ́ kan tó pé. ESR dà bí àgbà tí a ṣẹ̀: ó lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí inú rẹ̀ tó rọ̀. CRP ìyá yín jẹ́ 48, nígbà tí kò yẹ kó tó 10.

A pe ẹlẹ́rìí kẹta. Waaler, ará Norway, ń fi sẹ́ẹ̀lì pupa àgùntàn ṣe àyẹ̀wò mìíràn, ó rí i pé omi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn oríkèé kan mú sẹ́ẹ̀lì àgùntàn náà dì pọ̀ gbúùngbúùn. Ó kọ ọ́ jáde ní 1940. Rose tún un rí ní Amẹ́ríkà ní 1948. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wá ohun tí wọ́n ń pè ní rheumatoid factor. Ti ìyá yín jáde: kò sí. Mo yọ̀, mo ra ẹran àgbò wálé. Mo ní ọpẹ́ ni, kì í ṣe làkúrègbé tí ara fi ń bá oríkèé ara rẹ̀ jà.

Òmùgọ̀ ni mí lọ́jọ́ náà. Àwọn kan wà tí àrùn náà ń jẹ lára wọn tí àmì yẹn kò sì sí. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ ibà tàbí ikọ́ ẹ̀gbẹ ló gbé e wá fún wọn tí oríkèé wọn kò sì ṣe nǹkan kan. Àwọn tó gbọ́n jù mí lọ náà ti ṣe kàyéfì lórí ọ̀rọ̀ yìí. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, dókítà òyìnbó kan, Brian Greenwood, tó ti ṣiṣẹ́ ní UCH Ìbàdàn, rí i pé irú àrùn tí ara ń bá ara rẹ̀ jà ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ó ní bóyá ibà àti kòkòrò inú ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun ara wa, tí wọn kò fi ráyè kọjú ìjà sí ilé. Ó mú eku tí wọ́n bí àrùn bẹ́ẹ̀ mọ́, ó kó ibà eku ràn wọ́n; ní 1970 ó ròyìn pé ibà náà dá àrùn yẹn dúró. Ní 1993, àwọn kan tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn yẹ àgbàlagbà bíi 2,000 wò ní ìgbèríko Nàìjíríà, àwọn kò rí ẹyọ ẹnì kan tó ní làkúrègbé yìí. Ọ̀pọ̀ dókítà bá gbà pé àrùn òyìnbó ni. Ṣùgbọ́n ní 2010, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fẹmi Adelowo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìwé nípa 200 aláìsàn rẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n tọ́jú ní Nàìjíríà níbí. Ó lè ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa. Kì í ṣe pé kò sí. Ẹni tí kò wá nǹkan, báwo ni yóò ṣe rí i?

Ẹ ti igi yẹn wọlé díẹ̀. Ìyanu tó ju gbogbo rẹ̀ lọ ló kù.

Dókítà oríkèé tí a lọ bá ní Abuja wo ọwọ́ ìyá yín, kò tíì wo ìwé. Ó ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò kan sí i, anti-CCP. Ẹ̀jẹ̀ náà rìnrìn àjò lọ sí Èkó. Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní 1914, àwọn ará Japan méjì yọ ohun kan jáde láti inú omi wọ́tàmẹ́lọ̀n. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ ní citrulline, orúkọ tí wọ́n yọ lára orúkọ èso náà gan-an. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́tàmẹ́lọ̀n, bàrà tí à ń gbọ́n ẹ̀gúsí inú rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Nínú oríkèé tó ń wú, ara a máa sọ apá kan pùrótéènì rẹ̀ di citrulline. Nínú ẹni tí àrùn yìí fẹ́ mú, àwọn ọmọ ogun ara á wo ibi tó yí padà náà, wọ́n á ní, “Àlejò nìyí,” wọ́n á sì gbé idà. Ní 1998, àwọn onímọ̀ ní Netherlands rọ́nà àti fi ẹ̀jẹ̀ mú àwọn ọmọ ogun náà. Èsì ìyá yín dé: wọ́n wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ.

Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún un, ó patẹ́wọ́. Ó ní, “Bàbá ọmọ mi, ẹ̀gúsí tí mo fi tọ́ ọmọ márùn-ún ló wá ń bá mi jà?” Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ ẹ̀gúsí yín, ẹ jẹ wọ́tàmẹ́lọ̀n yín. Orúkọ nìkan ni wọ́n yá.

Ní 2004, àwọn onímọ̀ mìíràn ní Netherlands lọ sí báńkì ẹ̀jẹ̀. Wọ́n yọ ẹ̀jẹ̀ tí àwọn 79 ti fi tọrẹ nígbà tí ara wọn dá, kí àrùn yìí tó mú wọn. Nínú ìdajì wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmì ti wà nínú ẹ̀jẹ̀, nǹkan bí ọdún mẹ́rin àbọ̀ kí oríkèé kankan tó dùn wọ́n. Ẹ ronú sí i. Wọ́n ń jó ní ìyàwó, wọ́n ń gbé garawa omi, ẹ̀jẹ̀ sì ti mọ̀. Igi gànnàgànnà má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ̀jẹ̀ ti rí igi náà láti òkèèrè.

Ṣùgbọ́n dókítà yẹn kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sórí ẹ̀jẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ oríkèé 28 lọ́kọ̀ọ̀kan: èjìká méjì, ìgbọ̀nwọ́ méjì, ọrùn ọwọ́ méjì, orúnkún méjì, àti ogún inú ọwọ́. Ó ka èyí tó ń dùn, ó ka èyí tó wú. Ó wá fa ìlà kan láti òdo dé 100, ó ní, “Màmá, ẹ fi bíírò sàmì síbi tí ara yín dé lónìí.” Ó po mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀: èyí tó ń dùn, èyí tó wú, ESR, àti àmì tí ìyá yín fúnra rẹ̀ sọ. Bí àpapọ̀ bá ju 5.1 lọ, iná ń sọ kẹ̀ù. Bí kò bá tó 2.6, iná ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Mo ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní láàbù tí mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ni adájọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ẹlẹ́rìí kan ni nínú mẹ́rin, obìnrin tí ara ń ro sì jẹ́ ẹlẹ́rìí bíi tirẹ̀.

Wọ́n fún un ní methotrexate, oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún jẹjẹrẹ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lò ó o, kì í ṣe lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́ ń fi ẹ̀mí tàfàlà ni. Ọjọ́ Jímọ̀ ni tìyá yín, folic acid ń tẹ̀ lé e, a sì ń yẹ ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò látìgbàdégbà. Wọ́n fi hydroxychloroquine kún un, ìbátan chloroquine tí à ń lò sí ibà láyé àtijọ́. Wọ́n rọra fa dexamethasone náà kúrò; a kì í já irú rẹ̀ sílẹ̀ lójijì. Mo ń fi ojú ara mi ka ọ̀pá. 92 di 61. 61 di 38. Kí ọdún tó yí po, ó di 22. CRP di 6. Ọwọ́ tún ń bó ẹ̀gúsí.

Ìgbà náà ni ìyá yín dá ọgbọ́n tirẹ̀. Owó oògùn wọ́n, ara kò sì dùn ún mọ́. Ó jáwọ́ níbẹ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Oṣù kejì, mo gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bí ìṣe mi. 57. Mo délé, n kò pariwo. Mo ní, “Ọjọ́ wo lo ti lo oògùn kẹ́yìn?” Ó wò mí bí ẹni rí babaláwo. Ó ní, “Ta ló sọ fún ọ?” Mo ní ẹ̀jẹ̀ rẹ ni.

Ẹ mú igi kékeré yẹn, ẹ tú eérú tó wà létí ààrò. Ṣé ẹ rí i? Eérú funfun lókè, ẹyin iná pupa lábẹ́. Bí ìrora bá lọ, eérú ló bò ó. Ẹ̀jẹ̀ ló mọ̀ bóyá ẹyin iná ṣì wà. A wá owó. Ó padà sídìí oògùn.

Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ ní ìmọ́lẹ̀ yìí. Ìka méjì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn ò sì ní tọ́ mọ́ láéláé. Àrùn náà ló wọ́ wọn, ní àwọn oṣù tí à ń fi òrí pa á, tí à ń tọ́jú táífọ́ọ̀dù, tí èmi aláyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì ń jẹ ẹran àgbò. Oògùn lè pa iná. Kò lè kọ́ ilé tó ti jó.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹnikẹ́ni, ìyá yín ni o, ọ̀rẹ́ yín ni o, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń le láàárọ̀ ju wákàtí kan lọ, tí oríkèé ìdí ìka sì wú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́rá kékeré. Ẹ mú un lọ sí ọsibítù, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n sì fọwọ́ ka oríkèé rẹ̀. Bí wọ́n bá ní àmì kan kò sí, ẹ má tíì ra àgbò.